Ẹ̀jẹ̀ Onígbàjámọ̀ Nínú Èjìká Akunlé

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbáko ni Baba Sílìn fi na ọwọ́ ọ̀tún sókè nínú ilé onílé. Akunlé ni, àmọ́ kì í ṣe akunlé ṣákálá. Ògiri kì í wù ú kùn. Ó ní ògiri dà bí ọmọ tó dúró jẹ́ẹ́ kí wọ́n fi ìpara pa òun lára, ẹnikẹ́ni ló lè ṣe é. Òkè ilé ni tirẹ̀, sílìn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sùn lábẹ́ rẹ̀ fún ogójì ọdún láìbojú wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá, débi pé àwọn àna rẹ̀ gan-an kò rántí èyí tí wọ́n sọ ọ́ ní kékeré mọ́. Bó bá wọ yàrá ẹnikẹ́ni, kó tó kí onílé, yóò kọ́kọ́ gbójú sókè. Àwọn kan gbà pé àdúrà ló ń gbà, wọ́n á sì tẹrí ba títí yóò fi parí.

Ìyàwó rẹ̀ tó ń rán kọ́tìnnì ló kọ́kọ́ fura pé nǹkan ti ṣe apá náà. Ẹrù ilé ló fi mọ̀. Lọ́jọ́ kan, agolo ṣúgà kúrò lórí pákó òkè, ó dé orí tábìlì. Nígbà tó yá, ó di orí àga. Ife tíì, fìlà, rédíò, ọṣẹ ìfárùngbọ̀n, gbogbo wọn ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń sá fún òrùlé. Kí oṣù tó pé, wọ́n ti tò sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri bí àwọn tó ń dúró de ọkọ̀.

"Bàbá wọn," ló wí, "kí ni gbogbo ẹrù wa ń wá nílẹ̀?"

"Wọ́n ń sinmi ni."

"Èwo ló ṣiṣẹ́ nínú wọn?"

Baba Sílìn fi ẹsẹ̀ ti rédíò mọ́ ògiri. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé apá ọ̀tún rẹ̀ kò gòkè kọjá àyà mọ́. Bó bá ti fẹ́ kọjá ibẹ̀, ìrora á ta á ní èjìká bí ìgbà tí wọ́n kan ìṣó mọ́ ọn. Àmọ́ ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní Baba Sílìn, ṣé ẹsẹ̀ ògiri ni yóò wá máa kùn? Ó dá ọgbọ́n lóríṣiríṣi. Ó so rólà mọ́ igi gígùn, èjìká kọ̀. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì fún ọwọ́ òsì. Ọ̀dà ń lọ síbi tó wù ú. Níkẹyìn, nílé obìnrin olùkọ́ kan, ó gbé tábìlì lé tábìlì, ó gbé ìrọ̀rí lé e, ó dùbúlẹ̀ gbalaja sókè ibẹ̀, ó wá ń kun sílìn láti orí ìdùbúlẹ̀. Ìrọ̀rí náà tù ú lára ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí olùkọ́ yóò fi ti ilé ìwé dé, ó bá a lókè níbẹ̀, ojú rẹ̀ funfun báláú pẹ̀lú ọ̀dà, ó ń hanrun.

"Baba," ni obìnrin náà wí, "akunlé ni mo pè, mi ò pe ayálégbé."

Ọjọ́ kejì ni ìyàwó rẹ̀ mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọ̀dọ́mọbìnrin ni dókítà tó gbà wọ́n. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka nǹkan lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ẹ̀yìn ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó fi ìpara tútù pa èjìká Baba Sílìn, ó fi ẹ̀rọ kan ra ojú ibẹ̀, àwòrán aláwọ̀ eérú kan sì jáde lójú tẹlifíṣọ̀n kékeré.

"Iṣan yìí ló so ẹran èjìká mọ́ eegun apá," ló ṣàlàyé. "Tiyín ti gbó, Baba. Ó ń já ní fọ́nrán-fọ́nrán bí etí kọ́tìnnì."

"Etí kọ́tìnnì tèmi kì í já," ni ìyàwó wí.

"Ẹ má bínú, Mà. Ẹ jẹ́ ká ní bí okùn tó ti gbó." Dókítà nu ìpara kúrò. "Abẹ́rẹ́ la máa ń gún fún un, àmọ́ a ò tíì mọ èyí tó dára jù nínú wọn, ìyẹn la ṣe ń ṣèwádìí. Mẹ́ta ni wọ́n. Èkíní, sìtẹ́rọ́ìdì: ó máa ń tètè pa ìrora, ṣùgbọ́n ìrora náà lè padà dé lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Èkejì, ẹ̀jẹ̀ tiyín: a ó fà á, a ó fi ẹ̀rọ yí i pòòyì títí omi aláwọ̀ ìyeyè inú rẹ̀ á fi yà sọ́tọ̀, a ó wá gún un padà sínú èjìká yín. Ìyẹn kì í yára. Àwọn kan ní ó ń pẹ́ lára, àwọn kan ní irọ́ ni."

"Ẹ̀kẹta ńkọ́?"

"Omi iyọ̀."

"Kí ni ìyẹn ń ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Baba. Ìdí tó fi wà níbẹ̀ nìyẹn. Òun la ó fi mọ̀ bóyá àwọn méjì yòókù ń ṣe nǹkan."

"Èwo lẹ fẹ́ gún fún mi?"

"Mi ò mọ̀."

"Ta ló mọ̀?"

"Kọ̀ǹpútà kan ni, ó wà ní ọ́fíìsì mìíràn. Àmọ́ òun náà ò mọ̀ yín, nọ́ńbà yín nìkan ló mọ̀."

"Ẹ̀yin tí ẹ máa gún mi ńkọ́?"

"Wọ́n á ti fi bébà yí abẹ́rẹ́ náà lára, kí n má baà rí àwọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀."

"Àwọn wo ni 'wọ́n'?"

"Nọ́ọ̀sì kan tó wà lẹ́yìn ògiri. Òun mọ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni nínú wa sọ̀rọ̀ títí ọdún fi máa yípo."

Baba Sílìn gbójú sókè. Àbàwọ́n omi kan wà ní igun sílìn, ó rí bí bàtà ẹsẹ̀ òsì. Ó wojú ìyàwó rẹ̀. "Ṣé o gbọ́? Wọ́n fẹ́ fún mi ní nǹkan, tàbí nǹkan mìíràn, tàbí òfo, kò sì sẹ́ni tó máa sọ èyí tó jẹ́ fún mi."

"Bí èmi náà ṣe fẹ́ yín nìyẹn," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Ẹ fọwọ́ síwèé."

Ó fọwọ́ síwèé.

Èèyàn méjìdínlógún ni wọ́n kó jọ fún ìwádìí náà. Baba Sílìn di nọ́ńbà kẹrìnlá. Ọkùnrin tó jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, nọ́ńbà kẹẹ̀ẹ́dógún, onígbàjámọ̀ ni, ó sì fi ọdún díẹ̀ kéré sí i. Ogún ọdún ni òun fi gbé kílípà sí ọ̀gangan etí àwọn èèyàn kí èjìká rẹ̀ tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Orí-Ò-Jọra ni wọ́n ń pè é, nítorí bí oníbàárà bá ti ní, "Bá mi gẹ̀ ẹ́ bíi ti lágbájá," èsì rẹ̀ nìyẹn.

Ọkùnrin gbọọrọ kan ló kọ́kọ́ wọn apá wọn. Irinṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ oníke ẹlẹ́sẹ̀ méjì, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń wọn igun, àmọ́ tirẹ̀ gùn tó apá èèyàn.

"Ẹ gbé e sókè. Ẹ dúró. Àádọ́rin dígírì. Láti òdo dé mẹ́wàá, Baba, mélòó ni ìrora yín?"

"Òdo wo?"

"Òdo ni pé kò sí ìrora rárá. Mẹ́wàá ni èyí tó burú jù tí ẹ lè rò lọ́kàn."

Baba Sílìn ronú sí i. "Mo lè rò ju mẹ́wàá lọ."

"Ẹ ṣáà mú nọ́ńbà kan."

"Ẹ kọ mẹ́jọ. Tó bá di ìgbà òjò, kí ẹ fi ààbọ̀ kún un."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn, àti ẹni tí yóò gbà á padà àti ẹni tí kò ní gbà á, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìyẹn mọ èyí tó kàn án. Ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀jẹ̀ náà wà lẹ́yìn gíláàsì. Kì í yí ti ẹnì kan ṣoṣo, nítorí yóò fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Méjì-méjì ni, kí ìwọ̀n wọn lè dọ́gba. Bí wọ́n ṣe kó ìgò ẹ̀jẹ̀ kẹrìnlá àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún sínú rẹ̀ pọ̀ nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi nìyẹn," ni Orí-Ò-Jọra wí, ó fi ọwọ́ òsì nawọ́ sí i. "Èyí tó wà lápá ọ̀tún."

Ẹ̀rọ náà bú sẹ́kún.

"O ti kúrò níbẹ̀ báyìí," ni Baba Sílìn wí.

Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi jókòó. Kí ni ọkùnrin méjì tí apá wọn kò gòkè yóò máa sọ, bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́? Baba Sílìn sọ fún un bí èèyàn ṣe ń mọ sílìn tó fẹ́ là kó tó là. Orí-Ò-Jọra sọ fún un pé orí kan wà tó ní igun, pé bí a bá gẹ irú orí bẹ́ẹ̀ wálẹ̀ jù, ó máa ń dà bí àpótí tí wọ́n dé ní fìlà. Wọ́n dunnú sí ara wọn gidi. Ara bẹ́ǹṣì gan-an móoru.

Níkẹyìn, fèrèsé kékeré kan ṣí lára ògiri, ọwọ́ kan sì yọ jáde. Kò sí ojú, kò sí ohùn, ọwọ́ nìkan, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi bébà yí lára. Àwọn aláìsàn ti ń ka ọwọ́ náà bí ìwé. Bó bá rọra yọ, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ ló gbé dání. Bó bá yára yọ, wọ́n á ní iyọ̀ ni, ta ló ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbé iyọ̀? Èyí tó kan Baba Sílìn yọ jáde, ó padà wọlé, ó tún yọ. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí ọdún fi yípo. Dókítà gún un, ó fún un ní ìwé eré ìdárayá tí yóò máa ṣe nílé láràárọ̀, ó ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì-méjì fún wíwọ̀n.

Apá Orí-Ò-Jọra ló kọ́kọ́ dáhùn. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ó ti dé àádọ́jọ dígírì, ó ń juwọ́ sí àwọn tí kò mọ̀ lójú ọ̀nà. Ti Baba Sílìn ń fà bí ìgbín. Àmọ́ nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó dé àádọ́fà. Agolo ṣúgà padà sórí tábìlì.

Ìgbà náà ni nǹkan mìíràn bẹ̀rẹ̀.

Baba Sílìn wà lórí àkàbà ní ọ́fíìsì kan lọ́jọ́ kan, ó ń yẹ sílìn wọn wò. Ó yẹ kó máa wòkè, àmọ́ ilẹ̀ ló ń wò. Ó ń wo orí àwọn tó jókòó nísàlẹ̀. Ó wò ó títí, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó sọ̀kalẹ̀, ó lọ bá akọ̀wé àgbà nídìí tábìlì rẹ̀.

"Ẹ má bínú o, ọ̀gá. Ẹni tó gẹrun yín kẹ́yìn, ṣé inú ń bí i ni? Apá ọ̀tún ga ju òsì lọ."

Akọ̀wé àgbà fọwọ́ kan orí. "Ṣé ó hàn?"

"Láti òkè, kedere ni."

Ó di àrùn sí i lára. Bó bá rí ẹni tó ń ta búrẹ́dì, kò rí búrẹ́dì, ìpàkọ́ ọkùnrin náà ló ń rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ kí àbúrò ìyàwó rẹ̀, ó wọlé, ó kí wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò gbójú sókè rárá. Àbúrò ìyàwó tó ti tẹrí ba de àdúrà dúró bẹ́ẹ̀ títí, nígbà tó yá, ó rọra fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sí nǹkan o? Bàbá ò gbàdúrà lónìí."

Nígbà tí wọ́n délé, Baba Sílìn ti ilẹ̀kùn. "Wọ́n ti pààrọ̀ wa," ló wí ní jẹ́ẹ́jẹ́.

"Kí ni wọ́n pààrọ̀?"

"Ẹ̀jẹ̀. Inú ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n kó wa sí. O ò rí i pé ọwọ́ yẹn yọ, ó padà, ó tún yọ? Ẹ̀jẹ̀ onígbàjámọ̀ ló wà ní èjìká mi yìí."

Ìyàwó rẹ̀ gbé síṣọ́ọ̀sì kalẹ̀. "Ẹ gbọ́, bàbá wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì lẹ̀yin méjèèjì ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà láti àárọ̀ dọ̀sán, tí ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Bí èmi bá jókòó ti alápatà tó bẹ́ẹ̀, èmi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fojú wọn itan àwọn èèyàn."

"Ìyẹn ò kan ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀."

"Ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn."

Àmọ́ ẹni tí ojú ń ta kì í gbọ́ ìtàn ìmú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Baba Sílìn mú ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Orí-Ò-Jọra pọ̀n. Ó bá oníbàárà kan lórí àga, ìdajì orí rẹ̀ ti dán, ìdajì kún fún irun. Kílípà ń pariwo lọ́wọ́ Orí-Ò-Jọra, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ti gbórí sẹ́yìn, ó ń wòkè, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n!" ló kígbe. "Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ẹ wo sílìn yìí! Ogún ọdún ni mo fi wà lábẹ́ rẹ̀, mi ò rí i rí. Ó ti là láti igun dé igun! Báwo ni mo ṣe ń sùn?"

"Ẹ jọ̀ọ́," ni oníbàárà wí, "orí mi ńkọ́?"

"Orí rẹ ń bọ̀."

Baba Sílìn wo ibi tó là náà. Ó mọ̀ pé ó yẹ kó dun òun, àmọ́ ìdajì orí tó ṣẹ́kù ló ń wò. "O gbé etí yẹn wọlé jù," ló wí.

Wọ́n wo ara wọn. Ẹ̀rù ba àwọn méjèèjì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi jọ jáde, wọ́n kọrí sí ilé ìwòsàn, oníbàárà sì ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn, ó ń bèèrè ìgbà tí wọ́n máa dé.

Dókítà gbọ́ ẹjọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an ló tún dá kún ẹ̀rù wọn. Ó fa ìwé kan yọ. Ó ní ohunkóhun tí a kò retí tó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó wà nínú ìwádìí, dandan ni kí òun kọ ọ́ sílẹ̀.

"Láti òdo dé mẹ́wàá, Baba, báwo ni wíwo orí èèyàn ṣe ń yọ yín lẹ́nu tó?"

"Méje. Mẹ́sàn-án tí mo bá wà láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn."

"Ẹ̀yin ńkọ́, sà, sílìn?"

"Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún nínú báńkì," ni Orí-Ò-Jọra wí. "Ẹ kọ mẹ́wàá."

"Ṣé ó ń dín kù tí ẹ bá sinmi?"

"Tí mo bá sinmi, mo máa ń dùbúlẹ̀. Tí mo bá dùbúlẹ̀, sílìn ni mo ń wò."

Ọ̀rọ̀ náà kọjá agbára dókítà. Wọ́n pe ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta, obìnrin kan àti ọkùnrin méjì, gbogbo wọn pẹ̀lú ìwé nípọn-nípọn. Orí alága wọn pá kodoro. Baba Sílìn wò ó pẹ̀lú àánú, bí ẹni tó rí ilẹ̀ tó dára tí kò sẹ́ni tó dáko sí i. Ìgbìmọ̀ náà jókòó fún ọjọ́ méjì. Alága wá ka ìdájọ́ wọn.

"Bóyá wọ́n fún yín lẹ́jẹ̀, àwa kò mọ̀, a kò sì gbọdọ̀ mọ̀. Bí a kò bá mọ̀ pé wọ́n fún yín, a kò lè sọ pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Bí a kò bá lè sọ pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, a kò lè sọ pé wọn kò pààrọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, láti òní lọ, ẹ kò gbọdọ̀ jókòó pọ̀ mọ́."

"Kí nìdí?" ni Baba Sílìn bèèrè.

"Kó má baà burú sí i."

Wọ́n fún Baba Sílìn ní ọjọ́ Ajé, wọ́n fún Orí-Ò-Jọra ní Ọjọ́bọ̀. Baba Sílìn wá ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì láìsí ẹnì kejì rẹ̀. Ó rò pé òun á gbádùn ìdákẹ́jẹ́, àmọ́ ó rí i pé ibi tí ọkùnrin náà ń jókòó dà bí ihò eyín tí wọ́n yọ. Ahọ́n ń lọ síbẹ̀ ṣáá. Ó bá nọ́ńbà kẹtàlá sọ̀rọ̀ lórí bí sílìn ṣe ń là. Nọ́ńbà kẹtàlá sún jìnnà sí i.

Kí ló wá kù? Òfin ìgbìmọ̀ kò kan ìta. Ọ̀sán gbogbo tó bá ti parí iṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù Orí-Ò-Jọra ló ń gbà lọ.

Ibẹ̀ ló wà ní oṣù karùn-ún tí apá Orí-Ò-Jọra fi já a kulẹ̀. Apá tó ti dé àádọ́jọ rọra ń bọ̀ wálẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, títí tó fi dé àádọ́rùn-ún, tí ìrora àtijọ́ sì wọlé padà bí ẹni tó gbàgbé fìlà rẹ̀ síbẹ̀. Kò lè gbé kílípà dé etí ẹnikẹ́ni mọ́. Ó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà rẹ̀, ó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti tán," ló wí. "Ó kù kí n máa gẹ irùngbọ̀n nìkan."

Baba Sílìn rìn yí ṣọ́ọ̀bù náà ká. Ó ti rí irú ọ̀ràn yìí rí lára ara rẹ̀. Ó gbé àga ńlá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lọ wá àpótí kékeré kan tí wọ́n fi ń jókòó fọṣọ, ó gbé e síwájú dígí. "Bí ọwọ́ ò bá gòkè mọ́, jẹ́ kí òkè wá bá ọwọ́," ló wí.

Láti ọjọ́ náà, nílẹ̀ ni wọ́n ń gẹrun ní ṣọ́ọ̀bù Orí-Ò-Jọra. Àwọn oníbàárà jókòó lórí àpótí, eékún wọn kan àgbọ̀n wọn, wọn kò rí nǹkan kan nínú dígí àfi ògiri. Ẹni tó bá ga jù, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí. Wọ́n ráhùn, wọ́n sì ń wá, nítorí kò tíì sẹ́ni tó mọ orí tó o.

Nígbà tí ọdún yípo, wọ́n pe gbogbo wọn jọ sí yàrá ńlá kan láti ṣí àṣírí. Àpò ìwé méjìdínlógún wà lórí tábìlì. Obìnrin sísanra kan tí ẹnikẹ́ni kò rí rí jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dókítà. Ìgbà tó gbé ọwọ́ lé tábìlì ni gbogbo wọn dá a mọ̀. Ọwọ́ ojú fèrèsé ni! Àwọn kan dìde láti kí i. Ó ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o," ohùn rẹ̀ sì ha gan-an, bí ilẹ̀kùn tó ti pẹ́ kí wọ́n tó ṣí i.

Wọ́n ṣí ìkẹẹ̀ẹ́dógún: sìtẹ́rọ́ìdì. Wọ́n ṣí ìkẹrìnlá.

"Omi iyọ̀," ni dókítà kà.

Apá Baba Sílìn ti dé ọgọ́jọ dígírì lọ́jọ́ náà. Ó nà án sókè, bí ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ bi olùkọ́ ní ìbéèrè. "Ẹ tún un kà."

"Omi iyọ̀ ni, Baba. Kò sí ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ kò lè pààrọ̀ ohun tí wọn kò fún yín."

"Ẹ̀jẹ̀ wa tí ẹ fà ńkọ́?" ni Orí-Ò-Jọra bèèrè.

"A dà á nù, sà. Bí òfin ṣe wí nìyẹn."

Orí-Ò-Jọra dìde, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Kò sẹ́ni tó mọ bóyá ó yẹ kí àwọn náà dìde.

"Kí ló wá gbé apá mi sókè?" ni Baba Sílìn wí.

Dókítà yẹ ìwé rẹ̀ wò. Ó ní àwọn tó gba sìtẹ́rọ́ìdì ló tètè rí ìtura, tí ọ̀pọ̀ wọn sì pàdánù rẹ̀. Pé àwọn tó gba ẹ̀jẹ̀ àti àwọn tó gba iyọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra lópin ọdún. Pé ó lè jẹ́ eré ìdárayá àràárọ̀, ó lè jẹ́ pé iṣan náà fúnra rẹ̀ fẹ́ sàn. "Àmọ́ èèyàn méjìdínlógún kéré, Baba. Mi ò lè fi búra."

"Ọwọ́ yẹn yọ, ó padà, ó tún yọ," ni Baba Sílìn wí, ó kọjú sí nọ́ọ̀sì. "Kí lẹ padà lọ ṣe?"

"Mo fẹ́ sín ni," ni nọ́ọ̀sì dáhùn.

Baba Sílìn bínú dé ilé. Ó jókòó sórí àga, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀.

"Iyọ̀?" ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Iyọ̀."

"Irú èyí tó wà ní kíṣìnì mi?"

"Wọ́n ní tiwọn mọ́ ju ìyẹn lọ."

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí aṣọ kọ́tìnnì tó ń rán. Nígbà tó tó sáà kan, ó nu ojú. "Ó dáa. Ṣé apá náà ti wálẹ̀ nígbà tí ẹ gbọ́?"

Baba Sílìn gbé e sókè. Ó lọ. "Rárá."

"Ẹ má jẹ́ kó gbọ́ sí i, nígbà náà."

Lóṣù kejì, èjìká òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ó padà sọ́dọ̀ dókítà, ó ní iyọ̀ náà ni òun fẹ́. Dókítà ní òun kò lè gún un fún un mọ́, nítorí Baba Sílìn ti mọ ohun tó jẹ́. "Ẹ má sọ fún mi, ẹ kàn gún un," ni Baba Sílìn wí. "Ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi, Baba," ni dókítà fèsì, ó sì tún kọ eré ìdárayá fún un, fún apá òsì lọ́tẹ̀ yìí: kó kọjú sí ògiri láràárọ̀, kó fi ìka ọwọ́ rìn lára rẹ̀ lọ sókè bí aláǹtakùn, kó sì fi rìn padà wálẹ̀. Wọ́n kọ irú rẹ̀ fún Orí-Ò-Jọra náà, fún apá ọ̀tún.

Nǹkan tí ẹnì kan lè ṣe nílé rẹ̀, ó máa ń dùn jù tí èèyàn méjì bá jọ ń ṣe é. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, Baba Sílìn ti wà ní ṣọ́ọ̀bù. Òun àti Orí-Ò-Jọra á kọjú sí ògiri, wọ́n á máa fi ìka gùn ún, wọ́n á máa jiyàn lórí bóyá ògiri náà tọ́. Baba Sílìn ti ń kun sílìn padà, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Apá Orí-Ò-Jọra ti kọjá ọgọ́fà, àmọ́ kò gbé àga ńlá padà, ó ní ilẹ̀ ti mọ́ òun lára.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, oníbàárà tuntun kan wọlé. Ó kí wọn. Wọ́n dá a lóhùn láìyíjú padà, nítorí wọ́n ti gùn dé ibi tó le. Ọkùnrin náà wo ẹ̀yìn wọn, ó wo àpótí kékeré tó wà nílẹ̀, ó rò pé bóyá bí wọ́n ṣe ń tò sórí ìlà níbí nìyẹn. Ó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó kọjú sí ògiri, ó sì gbé ìka rẹ̀ lé e.

"Ṣé ó ń pẹ́?" ló bèèrè.

"Ó sinmi lórí èjìká ẹni," ni Baba Sílìn wí, ó sì yí ojú díẹ̀ kó lè rí orí ọkùnrin náà dáadáa.